Ta Ni Ó Kọ́ Ọ Ní Ìpolówó Yìí?

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo ní ohùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí mi ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀ níbí, ìyá arúgbó tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láì pe oníbàárà kankan lẹ mọ̀ mí sí. Bí ẹ bá fẹ́ ra gààrí tàbí ẹ̀pà lọ́wọ́ mi, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ pè mí. Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní Ìyá Má-polówó. Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bí mo bá ké ẹ̀pà ní etí kánáàlì, àwọn tó wà lóko ẹ̀gẹ́ ní òdìkejì á gbójú sókè wò mí.

Bẹ́ẹ̀ ni, oko ẹ̀gẹ́. Ajégúnlẹ̀ tí mò ń sọ kì í ṣe èyí tí ẹ ń wò yìí. Apá ibi tí àwọn òbí mi gba yàrá sí, abúlé ni. Ilé pákó ni, ẹrọ̀fọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, kókò ló sì wà ní ibi tí wọ́n ń to kẹ̀kẹ́ sí lónìí. Ẹni tó bá gba ọ̀nà ẹsẹ̀ náà tààrà á bọ́ sí títì Àpápá, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń fọn fèrè, tí àwọn ọ̀gá ti ń fi mọ́tò tó mọ́ lọ sílé wọn ní GRA. Àwa gbọ́ fèrè wọn, bóyá àwọn náà sì ń gbọ́ àkùkọ wa.

Etí la fi ń rajà nígbà náà. Ta ni ì bá kọ nǹkan sára ògiri pé òun ń ta ẹ̀kọ, ta ni ì bá sì kà á? Ẹlẹ́ja ní ìpolówó tirẹ̀, elépo ní tirẹ̀, a sì mọ ẹni tó ń bọ̀ kó tó yọ ní kọ̀rọ̀. Ẹlẹ́kọ mẹ́ta ló ń gba iwájú ilé wa kọjá láràárọ̀. Ti àkọ́kọ́ á kọjá, ìyá mi kò ní gbójú sókè, ti ìkejì á kọjá, kò ní wò ó, bó bá gbọ́ ohùn ìkẹta báyìí, á ní, "Sáré pè é wá." Ìpolówó ènìyàn, ohun ìní rẹ̀ ni. Bí ẹ bá gbé ti ẹlòmíràn sẹ́nu láìjẹ́ pé ó fún yín, ìjà dé nìyẹn, ẹ̀yin náà sì ni àdúgbò máa dá lẹ́bi.

Ẹni tí tirẹ̀ dùn jù ni Ìyá Ẹlẹ́pà, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ọmọ Ìgbò ni òun àti ọkọ rẹ̀, ọkọ náà ń ru ẹrù ní wáàfù. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá ń sọ ọ́, ńṣe ló ń fi ẹsẹ̀ wá ibi tó máa tẹ̀, bí ẹni tó ń gba orí pákó kọjá ẹrọ̀fọ̀. Ìgbà tó bá ń polówó nìkan lọ̀rọ̀ máa ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀:

"Ẹ̀pà dé o! Ẹ̀pà dé! Jẹ ọ̀kan, wàá jẹ méjì! Jẹ méjì, wàá pè mí padà o, nne-e-e!"

Nne yẹn, ìyá ló ń jẹ́ ní èdè wọn, wọ́n sì tún fi ń kẹ́ ọmọdébìnrin. Àwa ń pè é ní ìrù ìpolówó. Á gbé e sókè, á fà á, á wá jẹ́ kó rọra bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ti yó á jáde wá ra ẹ̀pà nítorí ìrù yẹn.

Ìgbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ láàárín ìjọba àti ilẹ̀ Ìgbò, ìbọn kankan kò dún létí wa. Ọ̀nà jíjìn ló wà. Ọjà ló gbà wọlé sí wa lára. Panla wọ́n débi pé àwọn obìnrin á gbé e nílẹ̀, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á sì dá a padà fún olówó rẹ̀. Ògiri kan wà ní oríta títì Àpápá tí wọ́n lẹ àwòrán ìpolówó mílíìkì mọ́, ọmọ òyìnbó kan tó sanra rọ̀bọ̀tọ̀, tó gbé ife sẹ́nu. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn, mo máa ń kí i. Ọjọ́ kan la débẹ̀ tí wọ́n ti lẹ ìwé mìíràn bò ó. Ẹ̀gbọ́n kan tó mọ̀wé kà á fún wa pé kí kálukú máa ṣọ́ra, kó sì máa ṣọ́ àwọn àjèjì tó wà láàárín wa. Ẹsẹ̀ ọmọ náà nìkan ló ṣẹ́kù nísàlẹ̀.

Kí ojú ọ̀nà tó dí, ọkọ Ìyá Ẹlẹ́pà ti kó àwọn ọmọ wọn méjèèjì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sílé. Ó ní láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, òun á padà wá mú ìyá wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù, oṣù di ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn ènìyàn rẹ̀ tó kù ládùúgbò ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kó tẹ̀lé àwọn, ó kọ̀. Ìyá mi bi í léèrè ìdí.

"Tó bá wá, tí kò rí mi ńkọ́?" ló sọ. "Ibí ló fi mí sí. Ibí ló mọ̀."

Nígbà tí ìròyìn wá gba ìlú pé bọ́ǹbù bú ní ìgboro, tí wọ́n ní àwọn Ìgbò ló gbé e síbẹ̀, ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wò ó yí padà. Àwọn tí wọ́n ti ń ra ẹ̀pà rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá bí wọ́n bá gbọ́ ìrù yẹn. Ní ọjọ́ kan, géńdé kan gba tírè ẹ̀pà lórí rẹ̀, ó dà á sínú kánáàlì, ó ní kó lọ tà á fún àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́pà fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ wọlé, tírè òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi ní ó tó gẹ́ẹ́, kò gbọdọ̀ jáde mọ́. Láti ọjọ́ náà, inú yàrá ló ń wà, aṣọ ìkélé rẹ̀ kì í ṣí sókè. Ó ń yan ẹ̀pà ní ilé ìdáná wa, èmi ni mo sì ń kiri rẹ̀. Ohun tí mo bá tà ló máa jẹ.

Òfin kan ṣoṣo ni ìyá mi fún mi. "Ké e bí ọmọ Yorùbá ṣe ń ké e. Má fi ìrù sí i o. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Mo gbọ́, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀pà náà kò tà. Èmi ń pariwo "Ẹ̀pà yíyan rèé o" bí ọgọ́rùn-ún ọmọ mìíràn, ta ló fẹ́ dá mi mọ̀? Mo ń gbé e jáde, mo ń gbé e padà. Ìyá Ẹlẹ́pà á yọjú wo inú tírè, kò ní bá mi wí, á kàn dà á padà sórí iná. Ẹ̀pà tí wọ́n bá yan lẹ́ẹ̀mejì máa ń korò. Mo rí i tó ń jẹ èyí tó korò yẹn, eegun ọrùn rẹ̀ sì ń yọ síta díẹ̀díẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ká wa mọ́ ilé ìdáná, mo ní kó ké e fún mi, kí n gbọ́. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó wá ké e jẹ́jẹ́ sábẹ́ ìró òjò. Mo ké e tẹ̀lé e. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún ìrù rẹ̀ ṣe lẹ́nu mi, ó ní kí n má tètè jù ú sílẹ̀. Nígbà tí mo ké e tó gún, ó ní, "Tìẹ ni. Mo ti fún ẹ." Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa ìpolówó. Kò sí ẹni tó tíì fún mi ní ohun tó tó bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò sọ fún ìyá mi.

Ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, ìyá mi lọ sọ́jà ní Ìjọra. Mo gbé tírè lọ sí oríta, níwájú ògiri yẹn, ní àkókò tí àwọn òṣìṣẹ́ wáàfù ń jáde. Wọ́n ń kọjá lọ wìtìwìtì, ẹnikẹ́ni kò yà. Inú bí mi. Mo rò ó pé ẹ̀pà kíkorò ni Ìyá Ẹlẹ́pà tún máa jẹ. Mo ya ẹnu, mo ké e látòkè délẹ̀, mo sì fi ìrù sí i.

Ẹ ò rí i! Ńṣe ni wọ́n yíjú lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá kan pariwo pé, "Ẹ̀pà yìí ṣì wà? Ọmọ, bu tèmi wá!" Wọ́n rọ́ bò mí, wọ́n ń na ọwọ́, wọ́n ń ti ara wọn, ẹ̀pà náà sì tán nílẹ̀ tírè pátápátá. Kò ṣẹlẹ̀ rí. Mo ń jó níbẹ̀, èmi nìkan, tírè lórí.

Ọkùnrin kan kò lọ. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó rọra ń jẹ ẹ̀pà tirẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. "O mọ̀ ọ́n ké. Ta ni ó kọ́ ọ ní ìpolówó yìí?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kọ́ mi.

"Ó dáa," ló wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tó ń ké e bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi sí i."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kò sọ pé ọkọ rẹ̀ ló rán òun. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo parí rẹ̀ fún un nínú orí mi. Ta ló tún kù láyé tó lè rán iṣẹ́ sí Ìyá Ẹlẹ́pà? Mo ní kó máa bọ̀, mo sì sáré ṣáájú rẹ̀ gba ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn, inú mi ń dùn bí ẹni tó rí nǹkan he. Láti inú àgbàlá ni mo ti ń pariwo, "Ìyá Ẹlẹ́pà! Ẹ jáde! Ẹ jáde wá! Ẹni tí bàbá rán ti dé!"

Ó sáré jáde. Láti oṣù mélòó kan, kò tíì jáde lójú ọ̀sán rí, ọjọ́ yẹn ló sáré. Ìró rẹ̀ kò so dáadáa, èèpo ẹ̀pà lẹ̀ mọ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo ṣì ń rí títí dòní. Ó rí ọkùnrin náà, ó rí àwọn méjì mìíràn tí èmi kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n tẹ̀lé wa, ẹ̀rín náà kò sì tètè kúrò lójú rẹ̀. Wọ́n bi í lórúkọ, ó dáhùn. Ọkùnrin aláṣọ funfun ní, "Ẹ máa bá wa kálọ, mà. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni wọ́n fẹ́ bi yín." Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì fi ọ̀wọ̀ bá a sọ ọ́.

Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fọ ọwọ́. Wọ́n gbà fún un. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ fínnífínní, ó wá yíjú sí mi.

"Ẹ̀pà yẹn ńkọ́?"

"Ó ti tán, mà. Gbogbo ẹ̀."

Ó fi ọwọ́ tútù kàn mí lórí. "O ṣé, nne."

Bó ṣe tẹ̀lé wọn lọ nìyẹn.

Nígbà tí ìyá mi dé, tí mo rò fún un, kò lù mí. Ká ní ó lù mí ni, bóyá ìyà yẹn ì bá ti parí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tún dìde, ó sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní Àpápá pẹ̀lú gèlè lọ́wọ́. Ó lọ lọ́jọ́ náà, ó lọ lọ́jọ́ kejì, ó ń lọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Gbogbo ibi tó dé, wọ́n ní àwọn kò mọ ẹni tó ń wí.

Ogun parí. Ọkùnrin kan tó rù kan egungun, ọkọ Ìyá Ẹlẹ́pà, wá dúró síwájú yàrá yẹn, ọmọ kan ṣoṣo ló dì mọ́ ọwọ́ rẹ̀, ọmọbìnrin, ẹgbẹ́ mi. Mo kúnlẹ̀ gbé omi fún un. Ìyá mi sọ fún un pé wọ́n wá mú ìyàwó rẹ̀ lọ. Ó mu omi náà tán kó tó béèrè pé, "Ta ló mú wọn dé ilé?"

Ìyá mi, tí kì í parọ́, wo ilẹ̀. "A ò mọ̀," ló sọ. Ọmọ náà ń wò mí. Mo gba ife lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, mo wọlé. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti polówó ohunkóhun mọ́, ó sì jẹ́ pé ọjà ni mo fi gbogbo ayé mi tà.

Ayé ti yí. Ẹnikẹ́ni kì í fi ọ̀fun ara rẹ̀ polówó mọ́ ní Boundary. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń gba ohùn sí, wọ́n á gbé e kọ́ sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, á máa sọ ohun kan náà láti àárọ̀ títí ìrọ̀lẹ́, olówó rẹ̀ á máa jẹun lọ. Àwọn Ìgbò ló ni ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta nínú mẹ́rin tó yí mi ká, a jọ ń rẹ́rìn-ín, a jọ ń jẹ. Ṣùgbọ́n bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìwé mọ́ ògiri, tí mo sì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ kan nípa àwọn àjèjì lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, àyà mi máa ń já.

Ọmọ-ọmọ mi ra ẹ̀rọ yẹn lóṣù tó kọjá. Ó ní, "Màmá, ẹ sọ nǹkan sí i, ẹ jọ̀ọ́, ohùn àgbà máa ń fa oníbàárà." Mo ní n kò ní nǹkan sọ. Ó gbé e sún mọ́ ẹnu mi, ó ń rẹ́rìn-ín. N kò mọ bí mo ṣe ya ẹnu. Ohun tó jáde ni "Ẹ̀pà dé o", ó sì jáde tòun tìrù rẹ̀, bí Ìyá Ẹlẹ́pà ṣe fún mi lábẹ́ òjò yẹn gan-an.

Ẹ̀rọ náà ti ń ké e látìgbà náà, láràárọ̀. Mo lè ní kí wọ́n pa á, n kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó tì í, mo ń wo ojú àwọn tó ń kọjá. Ọmọbìnrin tó dì mọ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀ yẹn á ti darúgbó bíi tèmi báyìí, bó bá wà láyé. Mo ti sọ fún ọmọ-ọmọ mi pé bí ẹnikẹ́ni bá dúró, tó bi í pé ta ni ó kọ́ ọ ní ìpolówó yìí, kó má ṣe sáré lọ síbì kankan, kó pè mí. Mo máa sọ ẹni tó kọ́ mi fún un. Lẹ́yìn náà, mo máa sọ ẹni tó mú wọn dé ilé.