Páìpù Omi Tó Fẹ́ Tú Màmá Mi àti Alhájà Ká

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí páìpù omi fojú wa rí nílé wa ní Abúlé Òkúta. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ fún màmá mi, mi ò jẹ́ kí wọ́n padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní kí wọ́n wá gbé lọ́dọ̀ mi títí ẹsẹ̀ á fi le. Ṣùgbọ́n Onípanu ni mo ti ń ta wáyà àti gúlóòbù, ilẹ̀ sì máa ń ṣú kí n tó délé. Ta ló máa wà pẹ̀lú màmá látàárọ̀? Alhájà tó ń gbé lókè wa ni. Ará Ìsẹ́yìn ni wọ́n, opó bíi ti màmá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ wá, tí wọ́n á mú màmá rìn dé ẹnu géètì, tí àwọn méjèèjì á wá jókòó máa tàkúrọ̀sọ. Dókítà sì ti kìlọ̀ pé bí màmá ò bá rìn, ẹsẹ̀ yẹn á gan.

Àfi bí Alhájà ò ṣe wá mọ́. Màmá náà ò ní ká pè wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n kàn fi ń jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọn ò rìn mọ́. Mo béèrè, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ẹ sáà mọ "kò sí nǹkan kan" àwọn àgbà.

Ìrọ̀lẹ́ Sunday kan, mo wà nílé, mo gbọ́ ọ lára ògiri: gbì, gbì, gbì. Màmá wojú mi. Wọ́n ní ṣé èmi náà ti gbọ́ ọ báyìí? Pé bí Alhájà ṣe ń gúnyán lójoojúmọ́ nìyẹn, tí wọn ò ránṣẹ́ pe àwọn rí.

Ẹ̀yin tí ẹ wá láti apá ọ̀dọ̀ wa, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Bí aládùúgbò bá gbọ́ ìró odó rẹ, o ò lè dákẹ́, ó kéré tán o máa ní kó wá bá ọ jẹun. Màmá mi kì í ṣe alájẹkì. Kì í ṣe iyán ló ń dùn wọ́n. Wọ́n rò pé àwọn àti ẹsẹ̀ àwọn ti sú Alhájà ni.

Inú bí mi. Mo gba òkè lọ, mo ti ń to ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Kò sí odó, kò sí iṣu! Alhájà ló wà nídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n ń ṣe àlùwàlá. Wọ́n ṣí ẹ̀rọ, wọ́n fọwọ́, wọ́n tì í. Gbì. Wọ́n tún ṣí i, wọ́n fomi ṣan ẹnu, wọ́n tì í. Gbì.

Mo dúró kí wọ́n kírun tán. Wọ́n fèsì ìkíni mi ṣákálá, wọ́n wá bi mí bóyá a ti gúnyán wa tán nísàlẹ̀. Àṣé àwọn náà ń gbọ́ odó! Wọ́n ní ó ya àwọn lẹ́nu pé ẹni tí àwọn ń mú rìn ò lè pe àwọn sí òkèlè kan.

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ wá wò ó. Mo rọra ti ẹ̀rọ, kò dún. Mo tì í lẹ́ẹ̀kan náà, gbì. Ẹ̀rọ tuntun tí lánlọ́ọ̀dù pààrọ̀ fún gbogbo wa ni, ó máa ń dá omi dúró lójijì. Omi tó ń fipá bọ̀ látinú táǹkì á wá gbá páìpù. Mo yọjú lójú fèrèsé ẹ̀yìn: ìdè tó so páìpù mọ́ ògiri ti já, láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ gan-an. Ẹni tó wà lókè á ní ìsàlẹ̀ ló ti ń dún, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á ní òkè ni.

Lọ́jọ́ kejì, plọ́mbà fi ìdè tuntun so ó. Mo gé rọ́bà sílípáàsì àtijọ́, a fi í sáàárín páìpù àti ògiri, a sì dín agbára omi kù nídìí táǹkì. Ó dákẹ́ wẹ́lo, mo sì ṣàlàyé fún màmá pé páìpù ni, kì í ṣe odó.

Alhájà sọ̀ kalẹ̀ wá. Ẹnikẹ́ni ò bẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn na ọwọ́ sí màmá, pé kí wọ́n dìde kí àwọn lọ sí géètì. Màmá dìde. Ẹnu ọ̀nà pálọ̀ ni wọ́n dé tí ẹsẹ̀ ò lọ mọ́. Ó ti gan. Alhájà dì wọ́n mú níbẹ̀, àwọn méjèèjì ń sunkún, èmi náà ò lè wò wọ́n.

Páìpù, ọjọ́ kan la fi tún un ṣe. Ẹsẹ̀ màmá mi, a ṣì wà lórí ẹ̀ títí dòní.

Torí náà, bí nǹkan bá ń dún nílé yín, ẹ wá ìdí ẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ bá sì ṣàdédé dákẹ́, ẹ bi í léèrè, ẹ má jókòó máa bínú. Ta lẹ̀yin ti bínú sí rí lórí ohun tí kò ṣe? Kí ló ná yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á fún àwọn méjèèjì.