Ọ̀nà Òkun, Ọ̀nà Odò

Òórùn ẹja yíyan àti epo ẹ́ńjìnnì ló máa ń gba èbúté wa kan láàárọ̀, ní abúlé tí òkun wà níwájú rẹ̀, tí odò wà lẹ́yìn, lápá Etíkan. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo ń sunkún lọ́dún tí mo pẹ́ dé ìdánwò ìṣirò. Ọkọ̀ wa dé, ṣùgbọ́n wọ́n ti ti ilẹ̀kùn yàrá ìdánwò. Ọ̀rẹ́, mo búra pé bí mo bá máa tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, omi kọ́ ni yóò bá mi pinnu.

Ọ̀nà méjì ló lọ sí ìlú tí a ti ń ṣèdánwò. Bàbá mi máa ń gba ojú òkun pẹ̀lú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Ìyá mi máa ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ tirẹ̀ gba odò ẹ̀yìn ilé, wọ́ọ́rọ́wọ́. Kálukú ló ń yin ọ̀nà tirẹ̀. Ní gbogbo sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ yẹn, mo ń kọ iye ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan fi ń dé ìlú náà sínú ìwé. Olùkọ́ ìṣirò wa ti kọ́ wa pé kí a to irú òǹkà bẹ́ẹ̀ láti orí èyí tó kéré jù, kí a ya àpótí fún ìdajì tó wà láàárín, kí a fa ìlà sínú rẹ̀ níbi tí àárín gan-an bọ́ sí, kí a wá na ọwọ́ méjì jáde lára rẹ̀: ọ̀kan dé ibi tó yá jù, èkejì dé ibi tó pẹ́ jù. Mo ya ti òkun, mo ya ti odò sábẹ́ rẹ̀. Àpótí òkun wà lápá ibi tó yá. Ti odò jìnnà sí i dáadáa. Inú bàbá mi dùn débi pé ó fẹ́ gbé ìwé náà kọ́ ara ògiri.

Ìyá mi, tó ń yí ẹja lórí ààrò, kò tilẹ̀ bojú wò ó. Ó ní, "Àwọn ọjọ́ tí òkun ru tí bàbá rẹ yí padà ńkọ́? Ibo lo kọ wọ́n sí?"

N kò kọ wọ́n rárá. Ẹni tí kò dé, ìṣẹ́jú mélòó ni n bá kọ fún un? Ojú tì mí, kí n má purọ́. Mo gbé e lọ bá olùkọ́, ó ní kí n tò wọ́n sí ìparí, lẹ́yìn gbogbo èyí tó pẹ́. Nígbà tí mo tún un yà, ìlà àárín òkun ṣì yá ju ti odò lọ, ṣùgbọ́n àpótí rẹ̀ ti fẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan sì na títí kan etí ìwé. Àpótí odò kúrú: ó pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a mọ bó ṣe máa pẹ́ tó.

Mo sọ fún ìyá mi pé, "Ìye, ọkọ̀ yín ni mo máa wọ̀."

Bàbá mi bínú. "Ẹ́ńjìnnì wà nílẹ̀, àjẹ̀ lo fẹ́?" Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ṣùgbọ́n n kò yí ohùn padà.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ ni èmi àti ìyá mi ti wà lórí omi, a wa ọkọ̀ títí apá fi ń ro wá. Ìgbà tí a fi máa gúnlẹ̀, bàbá mi ti jókòó sí èbúté ìlú náà, ó ń jẹ ẹ̀pà. Òkun dákẹ́ rọ́rọ́ láàárọ̀ yẹn. Ó ti dé tipẹ́.

Ó ní, "Ṣé o rí i báyìí?"

Mo ní, "Mo rí i, Bàbá. Ṣùgbọ́n n kò lè rí i lánàá."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ mi mú, ó fà mí gun orí pákó. Ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀, mo sì wọlé. Láti ọjọ́ náà, bí nǹkan bá ti jẹ́ èyí tí n kò gbọdọ̀ pàdánù, n kì í bèèrè ọ̀nà tó yá mọ́. Ọ̀nà tó ń gúnlẹ̀ lójoojúmọ́ ni mo ń gbà, bó tilẹ̀ máa bó mi lọ́wọ́.