Ọwọ́ Yẹ̀kínnì Riwáyà

Ní Ìdí-Òrò ní Múṣin, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kọ̀ tí kò ṣíná, Yẹ̀kínnì riwáyà ni wọ́n máa ń ní kó lọ bá. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi tún waya ọkọ̀ ṣe. Olórí kunkun ni, kì í gbà pé òun ṣàṣìṣe láé. Tẹ́sítà rẹ̀ nìkan ló gbà gbọ́, gílóòbù kékeré kan tó so mọ́ waya méjì. Bí gílóòbù bá ti tàn, waya náà kò já nìyẹn, kí oníkálukú panu mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lágbára mọ́, tí nọ́ọ̀tì ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bó ṣe ń yẹ ọkọ̀ wò ló ṣe yẹ ara rẹ̀ wò. Ó fi abẹ́rẹ́ gún ìka náà. Ó dùn ún wọra, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín.

"Sàúdátù, iná ń débẹ̀!" ló sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Waya ò já. Ó kàn rẹ ọwọ́ ni."

"Bàbá Fadilah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ họ́síbítù."

Kò lọ. Oṣù mẹ́wàá gbáko ló fi ń gún ara rẹ̀ láràárọ̀, tó ń dùn ún, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ṣeni láàánú, ó sì ń bíni nínú. Ìgbà tó wá ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, Fadilah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, fi tipátipá mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ. Yẹ̀kínnì ní kí ọmọ dúró síta, òun nìkan lòun máa wọlé.

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí. Níkẹyìn, Dókítà Lydia mú bébà, ó ń ya àwòrán.

"Bàbá, inú ọpọlọ yín, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń rán ara wọn níṣẹ́. Iná díẹ̀ á sáré gba inú ọ̀kan dé ìparí ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò kanra o, àlàfo wà láàárín wọn. Tí iná bá débẹ̀, á tú kẹ́míkà sílẹ̀, kẹ́míkà yẹn lá sọdá lọ jíṣẹ́ fún ìkejì."

"Waya tí ò kanra, tó ń ṣiṣẹ́!" Yẹ̀kínnì mi orí. "Èwo ló wá já nínú tèmi? Ṣebí tí mo bá gún ọwọ́, ó ń dùn mí."

"Àwọn tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ, ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àwọn tó ń gbé àṣẹ bọ̀ sọ́wọ́, ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àwọn aláṣẹ yẹn ló ń kú."

Yẹ̀kínnì wo ìka rẹ̀. Waya tí nǹkan kan kò ṣe ló ti ń tẹ́sìtì láti oṣù mẹ́wàá.

"Ẹ ò lè búríjì ẹ̀, kí ẹ fi waya míì so ó pọ̀?"

"Rárá, sà. Tí wọ́n bá ti kú, wọn kì í hù padà. Oògùn wà tó lè fà á sẹ́yìn díẹ̀, kò lè wò ó sàn."

Ojú tì í gan-an. Nígbà tó jáde, gbólóhùn kan péré ló sọ fún Fadilah: "Waya ti já." Kò ṣàlàyé èwo.

Láàárín ọdún kan, ọwọ́ kejì lọ, ẹsẹ̀ lọ, ahọ́n náà lọ, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ìkánjú ni Sàúdátù fi ń fi omi tó gbóná jù wẹ̀ ẹ́, torí ó rò pé kò mọ nǹkan kan lára mọ́.

Lọ́sàn-án Jímọ̀ kan, Fadilah jókòó tì í, ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ó gbé iwájú orí lé e.

"Bàbá mi, tí ẹ bá ń mọ̀ mí lára, ẹ fún ọwọ́ mi. Díẹ̀ péré."

Ó ń mọ̀ ọ́n lára. Ó mọ òrùka ọwọ́ ọmọ, ó mọ bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣe lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó mọ omijé tó ń kán sí i láàárín ìka. Ó pàṣẹ fún ọwọ́. Ó tún pàṣẹ. Ojú rẹ̀ ń ṣẹ́ kíákíá, ṣùgbọ́n Fadilah ti dorí kodò, kò rí i.

"Màámi, kò mọ̀ mí lára mọ́," ni ọmọ wí, ó sì rọra gbé ọwọ́ náà padà sórí itan bàbá rẹ̀.

Yẹ̀kínnì mọ ìgbà tí ìka ọmọ náà fi tirẹ̀ sílẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.