Ahọ́n-kì-í-purọ́ àti Ìgò Inú Ìbọ̀sẹ̀

Títí dòní, bí ẹni méjì tó mọ olóògbé Bàbá Ahọ́n-kì-í-purọ́ bá pàdé, ìtàn ilé oúnjẹ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Wọ́n gbé ìgò wáìnì pupa ọlọ́dún mọ́kàndínlógún síwájú rẹ̀, wọ́n ṣí i. Ó dìde, ó na ọwọ́ sókè bí adájọ́, ó ní kí gbogbo ilé dákẹ́.

"Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi sùn," ó wí. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni. Ta ni nínú yín tó ń fẹ́ ariwo létí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí?"

Ènìyàn mẹ́rìnlá tí kò mọ̀ ọ́n rí ló fi ìdajì wákàtí sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ọkọ kan bá ìyàwó rẹ̀ jà, ó jẹ̀bi, ó tọrọ àforíjì, kò sì gbé ohùn sókè lẹ́ẹ̀kan. Àfi ìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé oúnjẹ sín. Bàbá yíjú sí i: "O ṣeun. O ti gba ọdún méjì lọ́wọ́ rẹ̀."

Iṣẹ́ aago títúnṣe ni iṣẹ́ rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ló wà lára ògiri yàrá tí wọ́n ti ń jẹun nílé rẹ̀, kò sì sí méjì tí ohùn wọn ṣọ̀kan. Bí o bá bi í, á ní aago àwọn oníbàárà lòun ń wò sàn, aago tòun lè fara dà á. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ́ ló sọ ọ́ di olókìkí. Ó ní bí wáìnì bá ti kan ahọ́n òun, òun á mọ iye ọdún tó ti lò nínú ìgò. Bí ẹnikẹ́ni bá jiyàn, á na ahọ́n náà síta kí wọ́n wò ó. "Ahọ́n kì í purọ́," á wí. Bí orúkọ ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn.

Ní ọdún tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, irọ́ ló ń pa. Ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ló mọ̀. Ọmọ náà ti gboyè nínú ìmọ̀ kẹ́míkà, kò ríṣẹ́, kò sì ní sùúrù kankan mọ́ fún àwọn àgbà tó ń fi ẹnu dídùn jẹun.

Orí tábìlì oúnjẹ rẹ̀ ló ti ń pa irọ́ náà; bí ọ̀rọ̀ tábìlì náà ṣe rí nìyí. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, lágogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ Bàbá méjì máa ń wá jẹun: dókítà eyín kan tó ti fẹ̀yìn tì, àti ìyá kan tó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Ọ̀gá. Ẹni tó bá kàn á gbé ògbólógbòó wáìnì kan wá, á fi ìbọ̀sẹ̀ wọ̀ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má rí ọdún tí wọ́n kọ sára ìgò.

"Ìbọ̀sẹ̀ ta nìyí?" Ìyá Ọ̀gá á bèèrè.

"Tèmi ni. Mo fọ̀ ọ́," dókítà á dáhùn.

"Ẹlẹ́rìí dà?"

Bàbá á gbé ìgò wọ ilé ìdáná, á ṣí i fúnra rẹ̀. Wọ́n á mu, kálukú, yàtọ̀ sí ẹni tó gbé ìgò wá, á kọ ọjọ́ orí wáìnì náà sórí ìwé pélébé, á fi sábẹ́ àwo rẹ̀, wọ́n á jẹun tán kí wọ́n tó jọ ṣí àwo. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ọjọ́ tí Bàbá bá fi ọdún mẹ́ta ṣì í, tábìlì kúrò nílé rẹ̀ nìyẹn, ó di ilé dókítà títí láé. Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, nítorí tábìlì yẹn nìkan ló ṣe ń fá irùngbọ̀n.

Ikọ́ olóṣù mẹ́ta kan ló ba nǹkan jẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ọmọ náà ṣèèṣì bu ṣíbí iyọ̀ méjì sínú tíì rẹ̀ dípò ṣúgà. Ó mu ún gbẹ. "O ṣeun, ọmọ mi," ó wí. "Ó dùn ju ti àná lọ."

Ọmọ náà yẹ inú agolo tó ti bù ú wò: iyọ̀ ni. Sátidé dé, ó tẹ̀ lé e wọ ilé ìdáná. Ó bá a tó ki awò tó fi ń wo inú aago bọ ojú kan, tó gbé kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi dí ẹnu ìgò sókè, tó ń fi èékánná wọn ibi tí pupa wáìnì gùn ún dé.

"Kí lẹ ń ṣe, Bàbá?"

"Mò ń ka ọjọ́ orí. Bí wáìnì bá ṣe pẹ́ tó ni pupa rẹ̀ ṣe ń gun kọ́ọ̀kì tó."

"Ahọ́n yín ńkọ́?"

Ó yọ awò lójú. "Ó ti kú. Má sọ fún wọn."

"Irọ́ nìyẹn, Bàbá."

"Irọ́ kọ́. Mo ṣì ń mọ ọdún ẹ̀. Ọ̀nà ni mo yí padà."

Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Kò tú u fó, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ẹni ń pe nọ́ńbà ló ṣe ń pe "Bàbá."

Dókítà ti ń fura. Lóṣù kan, ó gbé ìgò tirẹ̀ dé ní ṣíṣí.

"Mo ti ṣí i nílé," ó wí, ó fọwọ́ lu àpò àyà rẹ̀. "Kọ́ọ̀kì ẹ̀ nìyí. Lónìí, ahọ́n nìkan ló máa jẹ́rìí."

Ọwọ́ Bàbá tó ti ń lọ síbi irin ìṣígò dúró lófuurufú. "O ṣí i nílé, o wá ń gbé e rìn lójú pópó?"

"Mo rọra rìn."

"Ìwọ tó ń fa eyín bí ẹni ń fa èpò!"

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n bù ú sínú ife tíì dúdú, kí ojú má bàa ran ahọ́n lọ́wọ́. Ọmọ náà ló bù ú. Ìbọ̀sẹ̀ yọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rí ọdún tó wà lára ìgò. Ó ṣírò rẹ̀: ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Bàbá mu ún. Ó dì í mẹ́nu. Aago mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ń ké lára ògiri, ìkọ̀ọ̀kan ní ìgbà tó wù ú. Ó gbé ojú sókè, ó wo ọmọ náà tààrà.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ náà sì ka ọ̀rọ̀ ojú náà: nọ́ńbà ni Bàbá ń tọrọ. Ìka ọwọ́ lásán ti tó. Ó rántí gbogbo àgbà tó ti wo òun lójú bẹ́ẹ̀, tó ní kí òun gba irọ́ kékeré kan láyè. Ó kẹ̀yìn sí i, ó tẹjú mọ́ ògiri.

Ó gbọ́ tí bírò ń lọ lórí ìwé. Ó pẹ́ ju bí a ṣe ń kọ nọ́ńbà lọ.

Kò sẹ́ni tó gbádùn oúnjẹ náà. Nígbà tó tán, dókítà nu ẹnu. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣí àwo."

Ìgbà náà ni ìgbọ̀nwọ́ Ìyá Ọ̀gá gbá ìgò. Wáìnì ṣàn dé orí aṣọ tábìlì, ó ṣàn wọ abẹ́ àwo, ó kán sára dókítà.

"Ṣòkòtò mi!"

"Rọra sọ̀rọ̀," Bàbá wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fara pa ni."

Ìyá Ọ̀gá ti kó àwọn ìwé tó rin gbingbin sínú báàgì. "Ìdánwò ti bàjẹ́," ó wí. "Ó di oṣù tó ń bọ̀."

Bàbá kò rí oṣù tó ń bọ̀. Ọjọ́ kọkànlá, ó sùn, kò jí. Nínú ọjọ́ mọ́kànlá náà, ìkíni àti "oúnjẹ ti délẹ̀" nìkan ni ọmọ náà bá a sọ. Ó dá a lójú pé òun jàre.

Sátidé àkọ́kọ́ pé, àwọn méjèèjì dé lágogo mẹ́fà. Dókítà kò gbé ìgò lọ́wọ́. Ìyá Ọ̀gá jókòó, ó yọ ìwé pélébé kan tó ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó tì í síwájú ọmọ náà.

"Olùkọ́ kì í ju ìwé ìdánwò nù," ó wí. "Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣọ́ àwọn tó ń ṣèdánwò. Kò síwèé tí n ò lè kà ní ìdoríkodò. Mo ti ka ti Bàbá kó tó dé abẹ́ àwo."

"Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ da wáìnì yẹn nù, mà?"

"Ìgbọ̀nwọ́ mi ni. Bi òun."

Ọmọ náà tú ìwé náà. *N kò mọ̀. Ikọ́ yẹn ló pa ahọ́n mi. Ẹ gbé tábìlì lọ sílé dókítà. Ọmọ mi kò fẹ́ irọ́. Mo fẹ́ kí ó máa wò mí bí mo ṣe ń fi irọ́ sílẹ̀.*

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó máa wò mí. Òun sì ti kẹ̀yìn sí i.

Dókítà yọ kọ́ọ̀kì láti àpò àyà, ó gbé e sórí àwo Bàbá. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wo ẹnu ará ìta," ó wí. "Ẹnu ọ̀rẹ́ mi ń ṣàìsàn, kò gbé e wá fún mi. Kó sáà sọ fún mi ni mo fẹ́." Ó fa ìbọ̀sẹ̀ kan yọ lápò, ó fi fun imú.

"Ṣé o fọ̀ ọ́?" Ìyá Ọ̀gá bèèrè. Omi ń bọ́ lójú òun náà.

"Mo fọ̀ ọ́. Tábìlì yìí ò sì ní lọ síbì kankan."

Ọmọ náà lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn, ó gbé ìgò tó kẹ́yìn nínú èyí tí Bàbá fi pamọ́. Ó ṣí i, kò wo kọ́ọ̀kì rẹ̀. Ife mẹ́rin ló bù. Dókítà dìde, ó húkọ́, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn tí ń mi fèrèsé.

Ọmọ náà na ọwọ́ sókè bí adájọ́.

"Ẹ rọra, sà," ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni."

Fún ìdajì wákàtí, kò sẹ́ni tó gbé ohùn sókè nínú ilé náà, àfi aago mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, tí wọn kò gbọ́ràn sí Bàbá lẹ́nu rí.