Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Kí Opó Fojú Hàn ní Mápó

Ẹ fara balẹ̀, kí n ròyìn ohun tójú mi rí fún yín. Egbò orí mi ṣì ń ta mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àbúrò mi ọkùnrin ló kú. Síkírátù ìyàwó rẹ̀ wá wà nínú opó nílé wa ní àdúgbò Bẹ́yẹrúnkà. Kò gbọdọ̀ yọjú síta títí opó yóò fi pé. Bí àwa mùsùlùmí ibẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Oúnjẹ sì ti tán. Gààrí gan-an di ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ni ìjọba bá kéde pé wọ́n fẹ́ pín ìrẹsì fún àwọn opó ní gbọ̀ngàn Mápó. Inú wa dùn!

Màmá mi ní, "Èmi ni màá lọ dúró fún un. Àbí èmi náà kì í ṣe opó ni?" Mo tẹ̀ lé wọn nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n.

Ẹ ò rí èrò! Àwọn arúgbó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú oòrùn. Àwọn géńdé ọkùnrin tí kì í ṣe opó rárá ti gba gbogbo iwájú.

Nígbà tó kàn wá, ọ̀gá tó ń pín in pe orúkọ Síkírátù, ó ní kí opó náà fojú hàn. Màmá mi ṣàlàyé pé ó wà nílé, ó ń ṣe opó lọ́wọ́. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, tó bá jẹ́ opó lóòótọ́, kí ló ń ṣe nílé? Opó tó bá fẹ́ jẹ ìrẹsì á fojú hàn!"

Ẹ gbọ́ o! Opó tó ń ṣe ni kò jẹ́ kó lè wá gba ohun tí wọ́n ní kí opó wá gbà.

"Ìwọ ọmọ yìí, wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?" Màmá mi ò tíì pa ẹnu dé tí ẹnì kan fi pariwo pé ìrẹsì ti ń tán.

Làwọn géńdé bá ya lu ọkọ̀ tó kó ìrẹsì wá. Kòbókò àwọn ẹ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Wọ́n ti màmá mi ṣubú. Mo rí bàtà tó tẹ apá wọn, mo gbọ́ bí eegun ṣe dún kà bí igi gbígbẹ. Mo dà bò wọ́n. Irin kan là mí lórí, ẹ̀jẹ̀ bò mí lójú. Mo bu itan ẹnì kan jẹ. N kò mọ ẹni tó jẹ́ títí dòní.

Ta ló fà wá yọ? Síkírátù! Wọ́n ti sáré lọ sọ fún un pé wọ́n ti pa ìyá ọkọ rẹ̀. Ó já wọ àárín kòbókò pẹ̀lú aṣọ opó lọ́rùn, láìwọ bàtà.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ṣé ẹ rí i pé ó lè wá?" Ọ̀gá yẹn na àpò ìrẹsì kan sí i.

Síkírátù ò tilẹ̀ wò ó. Ẹ̀yìn tí ì bá fi gbé ìrẹsì, ìyá ọkọ rẹ̀ ló fi pọ̀n. Ká tó yíjú, géńdé kan ti gbé àpò náà sá lọ.

Àlùfáà wa ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn Síkírátù bó ṣe jáde. Ó ti padà sínú yàrá, màmá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n di pákó mọ́ wọn lápá. Màmá ní kí n sọ fún ìjọba pé, "Opó méjì ló wà nínú yàrá kan báyìí. Ilẹ̀kùn wa ò ní àgádágodo."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìrànwọ́ tó jẹ́ pé ẹni tó lágbára ló ń jà á gbà, ṣé ìrànwọ́ nìyẹn? Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe sàráà. Kí ìjọba mọ ilé opó, arúgbó àti aláàbọ̀ ara, kí wọ́n sì máa gbé e dé ẹnu ọ̀nà wọn lóṣooṣù.

Ní àdúgbò tiyín ńkọ́? Ta ló ń kan ilẹ̀kùn ẹni tí kò lè jáde? Ẹ bá mi sọ ọ́ síbí.