Màmá Ráfátù Lára Ògiri

Ọjọ́ tí alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ní kí n wá ya àwòrán sára ògiri gbọ̀ngàn Ìlárá, orí mi wú. Láti ìgbà tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà jáde ní Ìlaròó, pátákó onídìrí àti ti onímọ́tò ni mo ń kùn.

"Ya ohun tó máa fi hàn pé ọmọ Nàìjíríà tòótọ́ ni wá," ló wí. "Má gbàgbé àsíá o."

Màmá Ráfátù, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló wá sí mi lọ́kàn. Kétu, ní òdìkejì ẹnubodè, ni wọ́n bí wọn sí, Ìlárá ni ilé ọkọ wọn. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti ibi ìsìnkú àbúrò wọn ní Kétu, àwọn tó ń ṣọ́ ẹnubodè sọ̀ wọ́n kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Wọ́n ní bí Màmá bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kí wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè. Màmá ò mọ̀ ọ́n. Orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún ni wọ́n kọ. Àwọn géńdé yẹn rẹ́rìn-ín títí.

Ohun tí mo yà nìyẹn. Mo fi èédú fa ìlà rẹ̀, mo wá fi ọ̀dà kùn ún: Màmá lanu, àwọn aṣọ́bodè ń rẹ́rìn-ín, àsíá wà ní èjìká wọn. Inú bí alága, àmọ́ ìlú ò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Bàbá àgbà kan dúró níwájú rẹ̀, ó ní, "Bí wọ́n ṣe ṣe èmi náà nìyẹn." Àwọn olùkọ́ wá láti Ayétòrò, wọ́n ní mo ti bi ìjọba ní ìbéèrè tí kò lè dáhùn. Wọ́n yà á sínú fóònù. Mo ń yan kiri.

Kò pẹ́ ni Màmá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé àga fún wọn, wọn ò jókòó.

"Ta ló ní kí o gbé mi sára ògiri?"

"Màmá, mo fẹ́ kí ayé rí ìyà tí wọ́n fi jẹ yín ni."

"Ayé ti rí i. 'Màmá olórin' ni wọ́n ń pè mí lẹ́nubodè báyìí. Lánàá, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní kí n kọ ọ́ kí n tó kọjá. Àwọn ọmọ àbúrò mi wà lọ́hùn-ún, mi ò lè má lọ. Pa mí rẹ́."

Mo gbé ọ̀dà funfun. Èédú kì í tètè bò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kùn ún kí ẹnu Màmá tó pòórá. Alága wá dúró lẹ́yìn mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "O ti gbọ́n báyìí." Ó rò pé ẹ̀rù òun ló bà mí. Mo ń kùn ún lọ.

Mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ báyìí. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì, mo máa ń ní kí wọ́n lọ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ yà. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí lásán ni. Àwọn aṣọ́bodè tó yẹ kójú tì, ojú ò tì wọ́n dòní. Màmá ni ojú tì, èmi tí mo pe ara mi ní agbẹjọ́rò wọn ni mo sì gbé ìtìjú náà síta fún gbogbo ayé wò.