Bí Ó Ṣe To Rípọ́ọ̀tì Wa

Kí ọmọbìnrin yẹn tó dé, èmi ni ọ̀gá wa máa ń pè sí yàrá wọn ní gbogbo òpin oṣù. Ìyá àgbàlagbà ni wọ́n, àwọn ló ni ilé búrẹ́dì tí mo ti ń ṣe àkáǹtì ní Ẹ̀gbẹ́dá. Wọn á fi àga hàn mí, wọn á ní, "Ó yá, sọ fún mi, ṣé a jèrè àbí a ò jèrè?" Mo fẹ́ràn ìjókòó yẹn ju owó oṣù mi lọ.

Nígbà tí wọ́n ra sọ́fítíwíà tuntun tí a ó máa fi ṣe àkáǹtì lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n gba ọmọbìnrin kan láti Bàrúwà pé kó wá máa lò ó. Nínú rípọ́ọ̀tì òpin oṣù, ohun tí èmi ń kó jọ sójú kan, ó pín in. Owó tó wọlé ló gbé sókè. Lábẹ́ rẹ̀ ló to owó ìyẹ̀fun, ṣúgà àti yíìsì sí, kí èèyàn lè rí èrè orí búrẹ́dì fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni owó ilé, owó dísù jẹnẹrétọ̀ àti owó oṣù wa tó wá kàn. Èrè gan-an wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó tún ya ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ta búrẹ́dì ní Ìkòtún sọ́tọ̀ kúrò lára ti Ìgandò, olúkúlùkù ní òpó tirẹ̀.

Ọ̀gá wa rí i lórí fóònù wọn, wọ́n pariwo: "Háà! Àṣé jẹnẹrétọ̀ ló ń jẹ wá run, kì í ṣe ìyẹ̀fun!"

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n owú ń wú nínú mi bí ìyẹ̀fun tó ti jẹ yíìsì. Nígbà tí oṣù parí, ẹnikẹ́ni ò pè mí.

Mo lọ bá ọmọbìnrin náà nídìí kọ̀ǹpútà. "Àbúrò, ṣé ìwọ lo tò ó báyìí ni, àbí bí wọ́n ṣe tà á nìyẹn?"

"Bí wọ́n ṣe tà á ò bá iṣẹ́ wa mu, àǹtí, ni mo ṣe tún un tò. Ẹ jókòó kí n fi hàn yín." Ó sún àga fún mi. "Gbogbo ìnáwó ló ní orí tó yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fi owó dísù sábẹ́ ìyẹ̀fun, irọ́ ni rípọ́ọ̀tì á máa pa fún yín."

Bí mo ṣe ń kó wọn pọ̀ tẹ́lẹ̀ gan-an nìyẹn. Kò mọ̀. Ká ní ó gbéraga ni, ǹ bá rí ẹ̀ṣẹ̀ kà sí i lọ́rùn. Ọmọ ọ̀hún kàn ń kọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, ó ń kí mi ní "ẹ kú iṣẹ́, mà" láràárọ̀.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ rí iṣẹ́ sí Ìbàdàn, tí wọ́n kó lọ, inú mi dùn débi pé èmi ni mo se ìrẹsì tí a fi sìn ín. Sọ́fítíwíà náà wá bọ́ sọ́wọ́ mi. Lóṣù yẹn, ọ̀gá wa pè mí.

"Ṣé bí àbúrò rẹ ṣe tò ó náà ló wà ṣá? Má yí i padà o, jàre."

"Mi ò yí i padà, mà."

Òótọ́ ni mo sọ. Mo ti gbìyànjú láti tún un tò, kò sí ètò mìíràn tó dáa ju tiẹ̀ lọ. Nígbà tí a ṣí ṣọ́ọ̀bù kan sí Àgbàdo, èmi ni mo dá òpó tirẹ̀ sílẹ̀ nínú rípọ́ọ̀tì náà. Òpó yẹn nìkan ni tèmi níbẹ̀, òun ni mo sì máa ń kọ́kọ́ wò.